Etí lẹ ń san owó rẹ̀: bí a ṣe ń kọ́ orin lọ́dọ̀ tíṣà àdáni ní Èkó

Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń kọ áátò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, nínú kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo tó gbọ́ ohùn ara mi. Níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ni. Àbúrò rẹ̀ gbé fóònù ka orí àga iwájú, ó ń gba ètò náà sílẹ̀, èmi ni mo sì sún mọ́ fóònù ọ̀hún jù. Nígbà tí fídíò náà dé orí WhatsApp, mo bi ọkọ mi pé, "Ta ló ń kọ báyìí?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Gbogbo ìlà tó bá ti gòkè ni ohùn mi ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ti àwọn yòókù, bí ọkọ̀ tó ń fà lọ sínú gọ́tà.

Mi ò purọ́ fún ara mi fún ọdún mẹ́sàn-án o. Ohùn tí èèyàn ń gbọ́ nígbà tó bá ń kọrin kì í ṣe èyí tí ará ìta ń gbọ́. Apá kan gba inú afẹ́fẹ́ wọ etí, apá kan gba inú egungun orí, ti inú egungun yìí ló sì ń mú kí ohùn nípọn létí ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ bá tíṣà orin pé etí ló fẹ́ lọ rà. Orin pọ̀ lórí YouTube, kò gba owó. Ẹni tó máa gbọ́ yín dáadáa, tó máa sọ ohun tó gbọ́ láìpọ́n yín lé, ìyẹn ló ṣọ̀wọ́n.

1. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ ná

Ẹ mú orin kan tí ẹ mọ̀ dunjú, kó má jẹ́ èyí tó le. Ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí yín, ẹ má fi dùùrù tàbí orin ẹlòmíràn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ẹsẹ méjì. Ẹ má gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, torí ojú máa ń tini. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú bébà, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: ibi tí ohùn ti yẹ̀, ibi tí èémí ti tán kí gbólóhùn tó parí, ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti já gaara. Ẹ kọ ọjọ́ sórí rẹ̀, kí ẹ tọ́jú òun àti ohùn náà. A ṣì máa padà síbẹ̀.

2. Irú orin wo lẹ ń bá lọ?

Ẹni tó fẹ́ kọ ẹsẹ kan níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ di aṣáájú nínú kọ́áyà, ẹni tó fẹ́ kọ fùjí, ọ̀nà wọn kò papọ̀. Inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí sí sààrì nígbà ààwẹ̀ ni fùjí ti jáde, ọ̀fun tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sì ní agbára tirẹ̀. Tíṣà tó jẹ́ pé òpẹ́rà nìkan ló kọ́ lè má ní ohun kankan láti fún onífùjí ju pé kó jáwọ́ nínú ohun tó ń ṣe lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un kí owó tó kúrò lápò yín.

Bí ìwé ẹ̀rí ló ń wù yín, ìdánwò orin ABRSM (Associated Board of the Royal Schools of Music) láti Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ tíṣà mọ̀. Ìpele rẹ̀ ga dé 8, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá ìpele 5 gbọ́dọ̀ ti yege tíọ́rì (ìmọ̀ orin lórí ìwé) ìpele 5 tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Bí ẹ kò bá nílò ìwé, ẹ fi ìdánwò sílẹ̀. Mo mọ àwọn tó fi odidi ọdún kan kọ́ orin mẹ́ta fún ìdánwò, tí wọn kò sì lè kọ orin ìyìn kan láìwo bébà.

Ẹni tí kò bá tíì wọ kọ́áyà rí, kó kọ́kọ́ wọ ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ tónìkì sófà (orin tí a fi dò re mí kọ sílẹ̀) kà, tí ẹ ó sì mọ bí a ṣe ń di ìlà tiwa mú nígbà tí tẹ́nọ̀, ohùn òkè àwọn ọkùnrin, ń pariwo létí ẹni. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ti jáde: ọmọdé akọrin ni Fẹlá Ṣówándé, gbajúmọ̀ olùdá-orin, nínú kọ́áyà Kàtídírà Kírísítì ní Màrínà, lábẹ́ T. K. E. Phillips, ẹni tó wà nídìí dùùrù ibẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Àmọ́ ogójì ọ̀fun lè wà níwájú olórí kọ́áyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tiyín nìkan kò lè dá yàtọ̀ sí i létí. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́sàn-án kí n tó mọ̀.

3. Tíṣà, àti afárá tó wà láàárín yín

Ẹ má bi ẹni tó ti ń kọrin dáadáa láti kékeré pé ta ló kọ́ ọ. Ọlọ́run ló kọ́ ọ. Ẹni tí ẹ mọ ohùn rẹ̀ látẹ̀yìnwá, tó wá yí padà lójú yín, ni kí ẹ bi. Bí ẹ kò bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí MUSON (ilé orin ẹgbẹ́ Musical Society of Nigeria) ní Onikan. Ẹgbẹ́ tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ti wà láti 1983. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí dípúlọ́mà, àwọn tó jáde níbẹ̀ sì wà káàkiri Èkó tí wọ́n ń kọ́ni lábẹ́lé. Yunifásítì Èkó ní Akọkà náà ń kọ́ni ní orin. Àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ńlá tún wà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé títẹ dùùrù àti kíkọ́ ọ̀fun lẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ iṣẹ́ méjì.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Afárá Third Mainland gùn tó kìlómítà méjìlá, bí ẹ bá sì há sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń bú yín tí ẹ̀yin náà ń bú u padà, ọ̀fun tí ẹ máa gbé dé ọ̀dọ̀ tíṣà ti ṣiṣẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Mo gbà pé tíṣà tó mọṣẹ́ níwọ̀nba, tó wà lápá ibi tí ẹ ń gbé, sàn ju ọ̀gá àgbà tó wà ní òdìkejì omi. Ẹni tó wà ní ìhà Mile 2 ṣe oríire díẹ̀: láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti ibẹ̀ dé Màrínà, Onikan kò sì jìnnà mọ́. Àwa ará Agége àti Ìkẹjà, ẹ jẹ́ ká wá tíṣà sí Ìkẹjà.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù bí iṣẹ́ yín bá gbà. Ọ̀sán Sátidé, ti àwọn olówàńbẹ̀ ni. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ohùn akọrin ti rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ orí Zoom ńkọ́? Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó ti kù. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nítorí náà tíṣà kò lè tẹ dùùrù kí ẹ sì máa kọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kó tẹ orin náà sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́, kí ẹ máa lò ó ní ọ̀dọ̀ tiyín. Zoom náà tún máa ń rò pé ohùn tí a fà gùn jẹ́ ariwo, á máa gé e kúrò. Nínú ètò ohùn rẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Original sound for musicians" sí. Ẹ tan án. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ojúkojú, torí kámẹ́rà kì í sábà ṣàfihàn èjìká àti ìhà bí ó ṣe yẹ.

4. Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ wo aago

Tíṣà mi àkọ́kọ́ ní ohùn tó lè mú èèyàn gbàgbé ilé. Bí mo bá ti dé, á jókòó sídìí dùùrù, á kọ orin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á ní, "Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí?" Mo gbọ́. Á tún kọ ọ́. Inú mi á máa dùn délé. Ó di oṣù kejì kí n tó wo aago: nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi la ẹnu kọrin. Èmi ń sanwó, òun ń kọrin. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tó mọ orin kọ yàtọ̀ sí ẹni tó mọ orin kọ́ni ni.

Nítorí náà, owó ẹ̀kọ́ kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Ohùn yín gbọ́dọ̀ jáde ju tirẹ̀ lọ nínú wákàtí náà. Ẹ wò ó bóyá ó béèrè ọ̀rọ̀ yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ohùn yín máa ń há, irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe (ẹni tó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé láti àárọ̀ kò ní ọ̀fun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà), ṣé ẹ ń lo oògùn kankan. Ẹ wò ó bóyá ó wá ibi tí ohùn yín mọ lókè àti nísàlẹ̀ kó tó mú orin jáde. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: bí ẹ bá kọ ìlà kan tán, ó yẹ kó sọ ohun kan, kì í ṣe ohun méje, tí ẹ máa yí padà. Ẹ tún un kọ, kí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ ìyàtọ̀ níbẹ̀. Bí ìyàtọ̀ kò bá sí, tíṣà gidi á gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Èyí tí kì í ṣe gidi á tún ohun kan náà sọ, á wá fi ariwo kún un.

Gbogbo wọn ló máa sọ fún yín pé, "Ẹ kọ ọ́ láti inú ikùn." Kò sí ohùn nínú ikùn. Awọ kéékèèké méjì tó wà nínú gògóńgò ló ń gbá ara wọn tí ohùn fi ń jáde. Bí obìnrin bá kọ "lá" tí wọ́n fi ń tún ohun èlò orin ṣe, ìgbà 440 ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí a bá mí sínú, òun ló ń ti ìfun síwájú tí ikùn fi ń wú díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní "ikùn" nìyẹn. Ẹ dán an wò: ẹ gbé ọwọ́ lé ìhà méjèèjì, ẹ mí sínú kí ìhà fẹ̀ láìjẹ́ pé èjìká gòkè, kí ẹ wá tú èémí náà sílẹ̀ pẹ̀lú "sssss" tó tẹ́jú títí dé ogún ìṣẹ́jú àáyá. Bí "sssss" náà bá ń gbọ̀n tàbí tó tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní.

Bí tíṣà bá fẹ́ gbé ọwọ́ lé yín níhà láti fi hàn yín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè, ẹ sì lè ní rárá. Bí ọmọ lẹ mú lọ, ẹ jókòó sínú yàrá náà. Tíṣà tó bá ní kí òbí máa dúró síta, ẹ mú ọmọ yín, ẹ máa lọ.

5. Owó

Owó tíṣà nìkan kọ́ lẹ máa kà. Ẹ ro owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá wò ó bóyá apá yín máa ká a fún oṣù mẹ́ta, torí kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ṣòro láti mọ̀ bóyá nǹkan ń yí padà. Ẹ má san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kó yọ ẹ̀dínwó tó. Oṣù kan kan, ẹ̀kọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ni mo ń san. Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òjò tàbí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò bá jẹ́ kí ẹ dé, àti bí òun náà kò bá lè wá, kí ẹ fi àdéhùn náà sórí WhatsApp kó má baà di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bí owó bá le, ẹ má ná an bí ẹni ń ná aṣọ ní Balógun. Ẹ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ fẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó, nítorí ọ̀fun tí kò mọ iṣẹ́ á ti rẹ̀ nígbà náà.

6. Ilé ni iṣẹ́ wà

Ẹ gba gbogbo ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sórí fóònù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba àṣẹ. Bí ẹ bá ti gbàgbé ohun tí tíṣà sọ kí ẹ tó dé Ọ̀ṣòdì, owó ti ṣòfò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Èyí dára ju wákàtí méjì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀kọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkùn: ẹnu pípadé, eyín kò kan eyín, kí ẹ máa kùn bí oyin títí ètè á fi máa rìn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ètè ṣe "bùrùrù" bí ọmọdé tó ń wa mọ́tò, kí ẹ gbé dò re mí re dò lé e, kí ẹ máa gbé dò náà sókè díẹ̀ díẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti sítíróò. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ife, ẹ ki sítíróò bọ̀ ọ́, kí ẹ máa kùn gba inú rẹ̀ kí omi máa hó. Afẹ́fẹ́ tó ń ti padà máa ń jẹ́ kí àwọn awọ inú gògóńgò ṣiṣẹ́ láìfi ipá kanra. Kò pariwo, aládùúgbò kò ní kan ilẹ̀kùn.

Aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń gbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Àwọn kan ń lo inú ọkọ̀, àwọn kan ń dé ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn akọrin yòókù tó dé. Ohun tó burú ju aládùúgbò lọ ni jẹnẹrétọ̀. Níbi tí ariwo bá wà, èèyàn máa ń gbé ohùn sókè láìmọ̀, á sì máa fi ọ̀fun tì í. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ ṣe ẹlẹgbẹ́ orin, ká má tíì sọ ti èéfín rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wà láàárín ìgbà tí NEPA mú iná lọ àti ìgbà tí ará ìsàlẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, sítúdíò mi nìyẹn.

7. Ẹ̀bùn tó wà lẹ́nu wa

Fáwẹ̀lì méje tí Yorùbá ń fi ẹnu pè, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, gbogbo wọn náà ló wà nínú èdè Ítálì, èdè tí àwọn akọrin káàkiri ayé ń wá fi kọ́ ohùn. Àwọn Ítálì kàn ń kọ e àti ẹ bákan náà ni. Fáwẹ̀lì wa kì í yọ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá pe "go", "o" náà máa ń rá lọ sí "u" kó tó parí, ṣùgbọ́n "o" inú "owó" dúró síbi tó wà. Ohun tí tíṣà ń wá lẹ́nu ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù mẹ́fà, ẹ ti ní in. Ó ṣeni láàánú pé bí a bá ti di máíìkì mú báyìí, ẹnu òyìnbó la máa ń yá lò.

Àwọn an, ẹn, in, ọn, un ló ń fẹ́ àmójútó. Bí ẹ bá fa ọ̀kan gùn, imú á gba gbogbo rẹ̀, ohùn á di bí ti ẹni tó ní òtútù. Ohun tí tíṣà mi kejì kọ́ mi ni pé kí n jẹ́ kí ẹnu ṣiṣẹ́ pẹ́, kí imú dé nígbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ àmì ohùn pẹ̀lú dò re mí mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ ni wọ́n gbé lé orin òyìnbó, ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, orin á gòkè. Ẹ mú orin Yorùbá tí orin rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ bá tíṣà, bí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìlà náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí ẹ wá kọ ọ́. Ibi tí "í" bá bọ́ sí orí òkè pátápátá, gògóńgò á fẹ́ fún mọ́ ọn: ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìlà tèmi ti ń yẹ̀.

8. Orógbó kò dé ibẹ̀

Mo mọ̀ pé èyí máa bí àwọn kan nínú. Orógbó, oyin, ẹyin tútù, Tom Tom: ohun tí a bá gbé mì kì í kan àwọn awọ tó ń mú ohùn jáde, torí bí a ti ń gbé nǹkan mì ni gògóńgò ń dé ara rẹ̀. Bí ó bá kan àwọn awọ náà, ikọ́ ló máa tẹ̀lé e. Orógbó lè mú kí itọ́ sun, oyin lè tu ọ̀fun lára, ìyẹn kò burú. Bí mẹ́ńtọ́ọ̀lù inú Tom Tom ṣe máa ń mú kí ọ̀fun kú tipiri ni mo ń bẹ̀rù, torí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ ti ń ṣe ara yín léṣe. Omi ni kí ẹ mu láti àárọ̀, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà tíṣà. Ooru omi gbígbóná tí a fà símú a máa dé ibẹ̀, ó sì wúlò nígbà ọyẹ́.

Ẹni tó bá lọ ìṣọ́ òru kó sún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì síwájú. Bí ọ̀fun bá ń dunni lẹ́nu orin, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kódà bí tíṣà bá ní ẹ máa lọ. Bí ohùn bá sì há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní wọn. Wọ́n á fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú gògóńgò, ohun tí tíṣà kankan kò lè ṣe.

9. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ẹ mú orin àkọ́kọ́ yẹn, ibi kan náà, ìṣísẹ̀ méjì sí fóònù, kí ẹ tún un kọ. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra, kí ẹ tún kọ nǹkan mẹ́ta yẹn sórí bébà kan náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá ti sàn, tíṣà yín mọṣẹ́, ẹ tẹ̀síwájú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà bí wọ́n ṣe wà, tí ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ ilé yín lóòótọ́, ẹ gbé ohùn méjèèjì fún un kó gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, tó ní ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́, ẹ fún un ní oṣù kan sí i. Ẹni tó bá bínú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Nínú tèmi, èémí ti dé òpin gbólóhùn, ọ̀rọ̀ ti ń já gaara. Ìlà kẹrin ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ níbi "í" yẹn. Òun la wà lórí rẹ̀ báyìí, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀.